Ẹfun Lórí Àlà: Ìṣòro Tí Ó Wà Nínú Wíwọn Eruku Ọyẹ́ Láti Ojú Ọ̀run

Kò sí ọmọ káàárọ̀-oò-jíire tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ohun tí à ń pè ní ọyẹ́ fún. Nígbà tí ọdún bá ń parí lọ, tí òjò sì ti dáwọ́ dúró, afẹ́fẹ́ gbígbẹ a bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti ìhà àríwá-ìlà-oòrùn. Ètè a là, ara a gbẹ, oòrùn a yọ bí ẹni pé a ta aṣọ bò ó lójú, àwọn òkè tí à ń rí lójoojúmọ́ a sì pòórá nínú kùrukùru. Ohun tí ó ń ṣe wá bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òtútù nìkan. Eruku ni, eruku tí afẹ́fẹ́ gbé láti aṣálẹ̀ Sàhárà, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ti ibi kan tí à ń pè ní Bodélé wá, ní àríwá orílẹ̀-èdè Chad. Láti ibẹ̀ dé Ìlọrin ju 1,500 kìlómítà lọ.

Eruku yìí kì í ṣe ohun tí a lè fi ojú kékeré wò. Ní ọjọ́ tí ó bá nípọn, ọkọ̀ òfuurufú kì í lè gbéra, èyí tí ó bá sì ti gbéra lè má rí ibi tí yóò bà sí. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn tí ó wà ní àríwá wa, àwọn oníṣègùn ti ṣàkíyèsí láti ìgbà pípẹ́ pé àrùn awọ ọpọlọ, èyí tí í máa mú ọrùn gan, a máa jà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí eruku pọ̀, a sì máa rọlẹ̀ bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tí ń wọn afẹ́fẹ́ lórí ilẹ̀ kò sì pọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nítorí náà, bí a bá gbọ́ tí wọ́n ń ṣírò iye eruku tí àwọn ará ìlú kan ń fà símú, ojú sátẹ́láìtì ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé jù lọ. Ó wá yani lẹ́nu pé fún ọdún díẹ̀, nínú àwòrán ayé tí ọ̀kan nínú àwọn sátẹ́láìtì tí ó lókìkí jù lọ ń yà nípa eruku, ibi tí eruku ti ń wá gan-an ni wọ́n fi sílẹ̀ ní òfìfo. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ díẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ọ̀rọ̀ ìperí kan ṣoṣo fún gbogbo ohun kéékèèké tí ó ń léfòó nínú afẹ́fẹ́, ìbáà ṣe eruku aṣálẹ̀, ìbáà ṣe èéfín igbó jíjó, ìbáà ṣe iyọ̀ tí ìgbì òkun ń ta sókè. Yorùbá kò kó wọn pọ̀ bẹ́ẹ̀: eruku yàtọ̀ sí èéfín, èéfín sì yàtọ̀ sí ìkùukùu. N kò rí i pé èdè wa pàdánù ohunkóhun nípa èyí, nítorí pé àìlè dá eruku mọ̀ yàtọ̀ sí èéfín wà lára ohun tí ó ń da àwọn tí ń fi sátẹ́láìtì wọn nǹkan láàmú. Kí ọ̀rọ̀ lè rọrùn, n ó máa pe gbogbo wọn lápapọ̀ ní wínníwínní òfuurufú. Níbi tí mo bá sì ti pe eruku, eruku gan-an ni mo ní lọ́kàn.

Ohun kìíní tí ó yẹ kí ó yé wa ni pé sátẹ́láìtì kì í rí eruku. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń rí. Oòrùn a ràn. Apá kan nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a kọ lu wínníwínní òfuurufú, a sì ta padà sókè. Apá kan a kọjá lọ kan ilẹ̀, ilẹ̀ náà a dá díẹ̀ nínú rẹ̀ padà, èyí tí yóò tún la àárín eruku kọjá kí ó tó dé ojú ẹ̀rọ tí ó wà ní nǹkan bí 705 kìlómítà lókè. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ wọ̀nyí ni ó ń dé pọ̀ bí ọ̀kan ṣoṣo, kò sì sí èyí tí ó kọ orúkọ ibi tí ó ti wá sára. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò ni láti yọ ti ilẹ̀ kúrò nínú àpapọ̀ náà, kí ohun tí ó kù lè jẹ́ ti òfuurufú.

Ẹ jẹ́ kí á fi ẹfun ṣe àpẹẹrẹ. Bí ènìyàn bá bu ẹfun lílọ̀ díẹ̀, tí ó fọ́n ọn sára aṣọ tí a rẹ láró tí ó dúdú dáadáa, ojú a rí i kedere, a sì lè sọ bí ó ti pọ̀ tó láìfọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n bí ó bá fọ́n ẹfun kan náà sára àlà, ta ni yóò mọ̀? Òkun ni aṣọ aró inú ọ̀rọ̀ yìí, àyàfi níbi tí oòrùn bá ti ń dán lójú omi bí ẹni ń wo dígí. Igbó tútù náà jẹ́ aṣọ aró. Aṣálẹ̀ ni àlà.

Àwọn onímọ̀ ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n fi ń sọ bí òfuurufú ti ṣú tó; èmi yóò pè é ní ìwọ̀n ìdínà-ìmọ́lẹ̀. Bí ìwọ̀n náà bá jẹ́ 0, kò sí ohun tí ó dí ìtànṣán oòrùn lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ 0.1, tí oòrùn sì wà ní àtàrí, nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 ni yóò wá tààrà dé ilẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 1, ìdá 37 péré. Bí ó bá jẹ́ 2, kò tó ìdá 14. Ní Ìlọrin, ní oṣù Kìíní àti oṣù Kejì, kì í ṣe ohun àjèjì kí ó kọjá 1.

Wàyí o, ìlànà kan wà tí àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ bí ẹní mowó: bí a bá ṣi ìdá 1 nínú 100 nípa ìmọ́lẹ̀ tí ilẹ̀ ń dá padà, ìwọ̀n ìdínà-ìmọ́lẹ̀ tí a ó ṣírò yóò fi nǹkan bí 0.1 yẹ̀ kúrò lójú òótọ́. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Nínú ìmọ́lẹ̀ pupa, igbó tútù kì í dá ju nǹkan bí ìdá 3 sí 5 padà nínú 100. Láti ṣi ìdá 1 nínú 4, àfi kí ènìyàn fara balẹ̀ ṣìnà. Ṣùgbọ́n yanrìn Sàhárà a máa dá nǹkan bí 30 sí 40 padà. Láti má ṣe ṣi ìdá 1 nínú 35, a ní láti mọ yanrìn náà, ibi gbogbo, ní gbogbo wákàtí, bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀; bẹ́ẹ̀ ni yanrìn ibìkan kò rí bí ti ibòmíràn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ní òwúrọ̀ kò sì rí bí ti ọ̀sán. Ibi tí ìṣòro náà fìdí múlẹ̀ sí nìyí. Ohun gbogbo tí ó kù, ọgbọ́n tí wọ́n dá láti yẹra fún un ni.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1999 ni Amẹ́ríkà rán sátẹ́láìtì tí à ń pè ní Terra lọ sókè. Aqua tẹ̀ lé e ní oṣù Karùn-ún ọdún 2002. Ẹ̀rọ MODIS wà lórí àwọn méjèèjì, ó sì ń wo ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó 2,330 kìlómítà lẹ́ẹ̀kan náà. Yoram Kaufman, Didier Tanré àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti ronú ọ̀nà kan sílẹ̀ fún un ṣáájú. Wọ́n lo irú ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú ènìyàn kò lè rí, tí ìgbì rẹ̀ gùn ju ti àwọ̀ pupa lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, èyí tí í máa la èéfín kọjá bí ẹni pé èéfín kò sí níbẹ̀. Nípa rẹ̀ ni ẹ̀rọ ń wo ilẹ̀ gan-an. Wọ́n sì ti ṣàkíyèsí pé níbi tí ewéko bá wà, ohun tí ilẹ̀ ń dá padà nínú àwọ̀ pupa jẹ́ nǹkan bí ìdajì ti ìmọ́lẹ̀ àfojúàìrí yìí, ti àwọ̀ búlúù sì jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́rin rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá mọ ọ̀kan, a ti mọ mẹ́ta. Ọgbọ́n náà dára púpọ̀, ó sì ṣiṣẹ́ lórí igbó àti oko. Ṣùgbọ́n yanrìn kò mọ òfin ewéko. Nítorí náà wọ́n ṣe é ní ìlànà pé ibikíbi tí ilẹ̀ bá ti dá ju ìdá 25 nínú 100 padà nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn, kí ẹ̀rọ fò ó. Báyìí ni gbogbo Sàhárà àti ilẹ̀ Arébíà ṣe di òfìfo nínú àwòrán.

Ní tèmi, ìwà òtítọ́ ni èyí, nítorí ó sàn kí ènìyàn dákẹ́ ju kí ó sọ ohun tí kò mọ̀. Ohun tí ó burú ni bí àwọn òǹkàwé kan ti máa ń ka ìdákẹ́jẹ́ náà. Olùkọ́ tí ó bá fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n rò pé ibi tí a kò kùn ni afẹ́fẹ́ ti mọ́. Bodélé wà nínú òfìfo náà. Ìsàlẹ̀ adágún ńlá àtijọ́ ni Bodélé, láti ìgbà tí adágún Chad ṣì tóbi ju bí ó ti wà lónìí lọ fíìfíì. Adágún náà gbẹ, ó sì fi egungun ẹ̀dá omi tíntìntín sílẹ̀, tí ó di ìyẹ̀fun funfun lẹ́úlẹ́ú. Afẹ́fẹ́ tí ó gba àárín òkè Tibesti àti òkè Ennedi kọjá a máa sáré bọ́ sí ibẹ̀, a sì máa gbé ìyẹ̀fun náà sókè. Ohun tí ó wà nílẹ̀ àti ohun tí ó wà lókè jẹ́ ohun kan náà, àwọ̀ kan náà.

Ọ̀rọ̀ náà tún ju báyìí lọ. Eruku aṣálẹ̀ kò funfun bí ẹfun. Ó pọ́n díẹ̀, ó sì ń gbé díẹ̀ mì nínú ìmọ́lẹ̀ tí ó bá bà á. Bí a bá fọ́n ọn sára aṣọ dúdú, aṣọ náà yóò dà bí èyí tí ó funfun sí i. Bí a bá fọ́n ọn sára aṣọ tí ó funfun jù ú lọ, yóò dà bí ìdọ̀tí, aṣọ náà yóò sì ṣókùnkùn sí i. Ó ní láti jẹ́, nígbà náà, pé láàárín dúdú àti funfun yìí, aṣọ kan wà tí ó ní àwọ̀ eérú, tí ó jẹ́ pé bó ti wù kí eruku tí a fọ́n sí i pọ̀ tó, kò ní ṣókùnkùn sí i, kò sì ní mọ́lẹ̀ sí i. Bí sátẹ́láìtì bá ń wo irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú àwọ̀ kan ṣoṣo, ìjì eruku lè jà níbẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, kí òǹkà orí ẹ̀rọ má yí padà rárá. Mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣirò wa ronú jinlẹ̀ lórí èyí: ibi tí èsì kò ti yí padà kì í ṣe ẹ̀rí pé ohun tí à ń wọ̀n kò yí padà.

Kí ni wọ́n wá ṣe? Christina Hsu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní NASA, nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2004 àti 2006, yí aṣọ padà. Bí olùkọ́ bá lè rí gíláàsì búlúù tí àwọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀, kí ó mú un lọ́wọ́, kí ó fi wo ògiri alámọ̀ pupa nínú oòrùn. Ògiri tí ó ń tàn yòò ní ìṣẹ́jú tí ó ṣáájú yóò di dúdú. Ìdí ni pé ohun tí ó pupa ń gbé àwọ̀ búlúù mì. Yanrìn aṣálẹ̀ pupa rúsúrúsú, nítorí náà nínú àwọ̀ búlúù tí ó jinlẹ̀ jù lọ, ohun tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń dá padà kì í ju nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 lọ. Aṣálẹ̀ di aṣọ aró lójijì. Òótọ́ ni pé afẹ́fẹ́ lásán náà ń tú ìmọ́lẹ̀ búlúù ká, èyí tí ó mú kí ojú ọ̀run rí bí ó ti rí. Ṣùgbọ́n èyí kò le láti ṣírò, nítorí a mọ bí afẹ́fẹ́ ti wúwo tó. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kùn òfìfo Sàhárà.

Ọgbọ́n yìí ní ẹ̀gbọ́n kan. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1978 ni sátẹ́láìtì Nimbus-7 gòkè pẹ̀lú ẹ̀rọ TOMS, tí wọ́n ṣe láti wọn òsóònù, kì í ṣe eruku. Ìmọ́lẹ̀ tí ó kọjá àwọ̀ àlùkò, tí ojú wa kò lè rí, ni ó ń lò. Nínú rẹ̀, gbogbo ilẹ̀ tí kò ní yìnyín lórí ni ó dúdú, títí kan aṣálẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ṣàkíyèsí pé eruku wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Nípa rẹ̀ ni Joseph Prospero àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi lè fi hàn ní ọdún 2002 pé Bodélé wà níwájú nínú gbogbo orísun eruku ayé. Àléébù rẹ̀ ni pé eruku tí ó bá ga sókè ni ó ń rí dáadáa. Èyí tí ó bá ń rìn nílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí ó sì ń wọ inú imú wa, a máa bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àwọn mìíràn yí ojú padà dípò aṣọ. Ẹni tí ó bá wà nínú àwọ̀n ẹ̀fọn mọ̀ pé bí òun bá wo iwájú tààrà, àwọ̀n náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí; ṣùgbọ́n bí òun bá wò ó ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ó nípọn. Kámẹ́rà mẹ́sàn-án ni ẹ̀rọ MISR ní lórí Terra. Àwọn kan kọjú síwájú, àwọn kan sẹ́yìn, ọ̀kan sì kọjú sísàlẹ̀ gan-an, gbogbo wọn a sì wo ibì kan náà láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 7. Ilẹ̀ kò yí padà, eruku ni ó ń nípọn sí i bí ìdàgẹ̀rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju gbogbo èyí tí ó kù lọ, nítorí kò ní kí á mọ ilẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ṣe ni láàánú pé ilẹ̀ tóóró ni ó ń rí, ó sì lè tó ọjọ́ 9 kí ó tó padà sí ibi tí ó ti wò rí ní àgbègbè wa. Àwọn sátẹ́láìtì Meteosat tuntun, tí àkọ́kọ́ wọn gòkè ní ọdún 2002, kì í kúrò lójú kan lókè Áfíríkà. Wọ́n ń fi àwòrán ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú 15-15, wọ́n sì ń fi ooru dá eruku mọ̀, nítorí pé ní ọ̀sán, yanrìn gbóná ju eruku tí ó wà lókè rẹ̀ lọ. CALIPSO, tí ó ṣiṣẹ́ láti ọdún 2006 di 2023, gbé ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ lọ́wọ́, ó sì lè sọ bí eruku ti ga tó; ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tí ó ń tọ̀ nìkan ni ó ń rí, bí ẹni fi okùn wọn oko.

Ẹnikẹ́ni lè wá rò pé ìṣòro ti tán. Ní ilẹ̀ tiwa, kò tán. Ọ̀dàn tí ó yí Ìlọrin ká kì í ṣe aṣálẹ̀, kì í sì í ṣe igbó. Ní oṣù Kẹsàn-án, ó tutù, ó ṣú, aṣọ aró ni. Nígbà tí yóò bá fi di oṣù Kìíní, koríko ti gbẹ, ilẹ̀ ti là sílẹ̀, ó sì ti ń súnmọ́ àwọ̀ eérú tí mo sọ lókè. Àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ a sì máa finá sí i, ibi tí ó funfun lánàá a di dúdú lónìí. Àwọn onímọ̀ kan sọ pé kí á wo ilẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, kí á sì mú ọjọ́ tí ó mọ́ jù lọ gẹ́gẹ́ bí ojú ilẹ̀ gan-an. Ọjọ́ wo ni yóò mọ́ nígbà tí ọyẹ́ bá ti jókòó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan? Àsìkò tí a nílò òṣùwọ̀n náà jù lọ ni ilẹ̀ ń ṣòro wò jù lọ. Èéfín igbó jíjó a sì tún dà pọ̀ mọ́ eruku, ẹ̀rọ tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn yóò lo ìṣirò ti ọ̀kan fún èkejì.

Èyí tí ó dùn mí jù ni ti ìkùukùu. Kí ẹ̀rọ tó ṣírò ohunkóhun, ó ní láti kọ́kọ́ ju gbogbo ibi tí ìkùukùu bò sọnù, nítorí kò lè rí ìdí wọn. Eruku tí ó bá nípọn púpọ̀, tí ó sì mọ́lẹ̀, a máa jọ ìkùukùu lójú rẹ̀, a sì jù ú sọnù pẹ̀lú wọn. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí ó burú jù lọ nínú oṣù ni kò ní sí nínú ìwé, ìpíndọ́gba oṣù náà a sì dára ju bí ojú wa ti rí i lọ.

Báwo ni a ṣe wá mọ ìgbà tí sátẹ́láìtì ṣìnà? Nípa wíwo òkè láti ilẹ̀ ni. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí í máa kọjú sí oòrùn gan-an, tí í sì máa wọn ohun tí ó kù nínú ìtànṣán rẹ̀. Kò sí aṣọ lẹ́yìn ohun tí ó ń wò, ìbáà ṣe aró, ìbáà ṣe àlà, nítorí náà àṣìṣe rẹ̀ kì í ju nǹkan bí 0.01 sí 0.02 lọ. Àkójọpọ̀ irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé ni à ń pè ní AERONET, èyí tí Brent Holben ti NASA darí ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Ọ̀kan nínú wọn wà ní Ìlọrin láti nǹkan bí ọdún 1998. Ṣáájú ìyẹn pàápàá, Rachel Pinker ti Yunifásítì Maryland, pẹ̀lú G. Idemudia àti T. O. Aro, ti tẹ ìwádìí jáde ní ọdún 1994 lórí bí ọyẹ́ ti ń dí ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ níbẹ̀. Àkọsílẹ̀ Ìlọrin wà lára àwọn tí ó fi òfuurufú tí ó ṣú jù lọ hàn nínú gbogbo àkójọpọ̀ náà, ìdí nìyẹn tí àwọn tí ń ṣe ìṣirò sátẹ́láìtì ní òkè òkun fi ń padà sí i léraléra láti dán ìlànà tuntun wò.

Ìwọ̀nba díẹ̀ ni irú àwọn ibùdó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ tí ó wà láàárín wa àti Bodélé. Bí owó kan bá wà tí a lè ná lórí ọ̀ràn yìí ní ilẹ̀ wa, orí wọn ni èmi yóò ná an sí. Ìnáwó wọn kò sì parí síbi rírà, nítorí eruku tí wọ́n wá wọ̀n náà ni í máa bà lé ojú gíláàsì wọn, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà nítòsí láti máa nù ún. Bí nǹkan bí ọdún kan bá sì ti pé, ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ lọ fún àyẹ̀wò kí á tó lè gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Bí kò bá sí èkejì tí yóò rọ́pò rẹ̀ títí yóò fi dé, àlàfo a wà nínú ìwé.